Ọwọ́ Mẹ́ta Lára Èdìdì Òjé Àwọn Bíṣọ́ọ̀bù Bísáńtíọ̀mù

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ Bísáńtíọ̀mù, ìyẹn ilẹ̀ ọba Róòmù ti ìlà-oòrùn tí Constantinople (Istanbul òde òní) jẹ́ olú ìlú rẹ̀, kọ láyé àtijọ́ ti bàjẹ́. Awọ tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí jẹrà, iná jó òmíràn, omi ba òmíràn jẹ́. Ohun tó ṣẹ́ kù ni òjé róbótó kékeré tí wọ́n fi dí ìwé náà, tó ní àwòrán lójú kan, tó sì ní orúkọ àti oyè ẹni tó ni ín lójú kejì. Àwọn tí a mọ̀ lónìí, ti ọba, ti ìjòyè, ti àlùfáà àti ti aráàlú lápapọ̀, lé ní 60,000. Dumbarton Oaks, ilé ìwádìí àti ilé ìpamọ́ ohun àtijọ́ kan ní Washington, nìkan ní nǹkan bí 17,000 nínú wọn. Bíṣọ́ọ̀bù wà láàárín wọn tí ìwé ìtàn kankan kò dárúkọ rẹ̀ rí. Òjé yẹn nìkan ló jẹ́rìí pé ó gorí àga ìlú rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́ lè máa fi fóònù ka àwọn èdìdì yìí, torí Dumbarton Oaks ti gbé ọ̀pọ̀ tirẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú fọ́tò ojú méjèèjì, ìwọ̀n wọn àti ọ̀rọ̀ tó wà lára wọn. Ṣùgbọ́n kí èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ó yẹ kó mọ̀ pé ọwọ́ mẹ́ta ló ti kan òjé kọ̀ọ̀kan: ọwọ́ ẹni tó fín ẹ̀mú irin tí wọ́n fi ń tẹ òjé, ọwọ́ ẹni tó sọ òòlù, àti ọwọ́ ilẹ̀ tó bò ó mọ́lẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún ọdún. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ ọ̀kan fún èkejì yóò ka ohun tí kò sí níbẹ̀. Mo ti rí i tí àwọn tó gbọ́ Gíríìkì dáadáa ṣi èdìdì kà, torí pé lẹ́tà nìkan ni wọ́n ń wò, wọn kò wo bí òjé ṣe di èdìdì.

Òjé kò ṣàjèjì sí wa. Òun ni àwọn olórìṣà Ọbàtálá ń wọ̀ sọ́wọ́, òun náà ni apẹja etí ọ̀sà Àjàṣẹ́ ń so mọ́ àwọ̀n kó lè rì. Ó ń yọ́ ní 327 lórí òṣùwọ̀n Celsius, iná èédú lásán sì tó bẹ́ẹ̀. Ó rọ̀ débi pé òòlù kan lè tẹ àwòrán sí i lára láìjẹ́ pé wọ́n tún un gbé sínú iná. Ida tí wọ́n fi ń dí ìwé ní àwọn ilẹ̀ olótùútù máa ń rọ̀ nínú oòrùn àwọn ìlú etí òkun Mẹditaréníà, òjé kì í rọ̀. Ọba lè fi wúrà dí àṣẹ ńlá. Òjé ni bíṣọ́ọ̀bù ń lò, òun náà sì ni póòpù ń lò ní Róòmù.

Òjé tí kò ní nǹkan kan lára ni wọ́n ń kọ́kọ́ dà. Wọ́n á gbẹ́ ihò róbótó sí ara òkúta ní ìtò, wọ́n á gbẹ́ ọ̀nà tóóró tí òjé yíyọ́ yóò fi ṣàn láti inú ihò kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n á sì tẹ́ ohun tín-ín-rín bí irin la àárín gbogbo wọn kọjá. Bí òjé bá tutù tí wọ́n fa irin náà yọ, ihò okùn yóò ti wà nínú rẹ̀ láti etí kan dé èkejì. Wọ́n á wá gé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wọ́pọ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 20 sí 30, ó nípọn tó mìlímítà 3 sí 5, ó sì wúwo láti gíráàmù 5 títí dé 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀.

Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ ni àwọn ará Gíríìkì ń pè ní boulloterion. Ẹ̀mú irin ni, apá méjì tí ìṣó kan so pọ̀ nídìí, tí ẹnu apá kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ojú róbótó tí wọ́n ti fín iṣẹ́ sí. Òdì ni wọ́n ń fín in: ọ̀tún di òsì, ohun tó yẹ kó yọ síta ni wọ́n gbẹ́ jìn sínú. Ìwọ̀nba irú ẹ̀mú yìí ló ṣẹ́ kù lágbàáyé, torí irin ń dípẹtà, òjé kì í dípẹtà. Akọ̀wé á ṣẹ́ etí ìsàlẹ̀ ìwé po, á lu ihò sí i, á fa okùn gbà á, á wá fa orí okùn méjèèjì gba inú òjé. Ó di àárín ẹnu ẹ̀mú, òòlù sì bà á láti òkè. Lójú kan náà, àwòrán yọ níhìn-ín, ọ̀rọ̀ yọ lọ́hùn-ún, ihò pa dé mọ́ okùn. Ẹni tó bá ti rí òjé tí òṣìṣẹ́ iná mànàmáná fi pílíà tẹ̀ mọ́ wáyà ẹ̀rọ tó ń ka iná lára ògiri ilé, ọwọ́ kan náà ló rí: kò sí bí èèyàn ṣe lè tú u kó má hàn. Wọ́n ti fi òjé bọ olóòṣà lọ́wọ́, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ.

Iṣẹ́ méjì ni irú òjé yìí ń ṣe. Bó bá jẹ́ lẹ́tà ìkọ̀kọ̀, okùn náà yí ìwé ká, ẹni tó bá fẹ́ kà á gbọ́dọ̀ gé okùn, a sì sọ òjé nù tàbí kí wọ́n yọ́ ọ ṣe nǹkan mìíràn. Bó bá jẹ́ ìwé ẹ̀tọ́, bí ilẹ̀ tí bíṣọ́ọ̀bù fi ta ilé àwọn mọ́ńkì lọ́rẹ, ìsàlẹ̀ ìwé ló rọ̀ sí, ó ń jẹ́rìí sí i títí ayé. Díẹ̀ nínú irú ìkejì yìí ṣì wà lára ìwé wọn ní ilé àwọn mọ́ńkì lórí Òkè Athos ní ilẹ̀ Gíríìsì. Àwọn tí wọ́n ń wú jáde nínú ilẹ̀ ní Istanbul, ní Bùlùgéríà, ní Kọ́ríńtì àti ní Cherson létí Òkun Dúdú ti já kúrò lára ìwé wọn pátápátá, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́gbọ̀n, fọ́nrán okùn díẹ̀ ṣì máa ń wà nínú ihò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ wá a jáde.

Òòlù ló ń dá wàhálà tó pọ̀ jù sílẹ̀. Bí òjé bá kéré ju ojú ẹ̀mú lọ, lẹ́tà etí yóò ṣègbé, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ìlà àti èyí tó parí rẹ̀. Bí òjé bá tóbi jù, a dára fún wa, torí gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n fín ló wọlé, títí kan òrùka àmì tó-tò-tó tó yí i ká. Nígbà mìíràn òjé yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú ẹnu ẹ̀mú, ojú kan á pé, ojú kejì á sọnù nídajì. Bí òòlù bá bà á lẹ́ẹ̀mejì tí òjé sì ti sún díẹ̀ láàárín, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan á ní òjìji. Ẹni tí kò bá fura á ka Ι kan sí méjì, á sì pe é ní Η. Ẹ wo gbogbo ìlà náà: bó bá jẹ́ òòlù kejì ló fà á, gbogbo lẹ́tà ni yóò ní òjìji síhà kan náà, kì í ṣe ẹyọ kan.

Ọ̀rọ̀ ojú àwòrán ṣe pàtàkì. Ojú ẹni mímọ́ ló ga jù lọ lára òjé, òun náà ló sì jìn jù lọ nínú ẹ̀mú. Bí òòlù kò bá le tó, òjé kò ní í wọ inú ibẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ojú á jáde láìní imú, láìní ẹnu. Ibi kan náà ni ọwọ́ àti ilẹ̀ ń kọ́kọ́ ha dànù. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí Màríà Wúńdíá tí ojú rẹ̀ dán bọ̀rọ́, ẹ má ṣe tètè sọ pé àwọn tó kórìíra àwòrán mímọ́ ló fọ́ ọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òòlù tàbí ọwọ́ ló fà á nígbà gbogbo.

Ihò okùn náà ní tirẹ̀. Ó sábà máa ń ti òkè wá sí ìsàlẹ̀, òjé tó bò ó kò nípọn, nítorí náà àwọn lẹ́tà tó wà láàárín ìlà lè rì sínú ihò tàbí kí wọ́n fẹ̀ ju bó ṣe yẹ. Ibẹ̀ náà ni òjé ti ń sán. Ìdajì èdìdì pọ̀ nínú àwọn ibi ìpamọ́, ó là gedegbe lójú ihò bí obì. Ẹ máa kọ ibi tí ihò gbà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ojú agogo, 12 sí 6 tàbí 11 sí 5. Ó ń ran ẹni tó bá rí ìdajì kejì níbòmíràn lọ́wọ́ láti mọ̀ ọ́n.

Nítorí pé ìṣó kan ló so apá ẹ̀mú méjèèjì, òkè àwòrán àti òkè ọ̀rọ̀ kì í yí padà sí ara wọn. Gbogbo èdìdì tó ti inú ẹ̀mú kan jáde dọ́gba lórí èyí. Ohun tó wúlò jù lọ nínú iṣẹ́ yìí wà níbẹ̀, lójú tèmi: bíṣọ́ọ̀bù kan lè fi ẹ̀mú kan dí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé, òòlù kò sì ba òjé bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó sọnù lápá òsì èdìdì kan lè wà lódindi lára òmíràn tó wà ní ìlú mìíràn. Bí ẹ bá gbé fọ́tò méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí ọwọ́ ẹni mímọ́ tẹ̀ bákan náà, tí lẹ́tà kan sì gun orí èkejì níbì kan náà, ẹ̀mú kan ni, ẹ lè fi ọ̀kan parí èkejì láìbẹ̀rù. Bí ẹ̀mú bá yàtọ̀, orúkọ kan náà kò tó láti sọ pé ẹnì kan náà ni.

Ní ti ọjọ́ orí, àwọn tó pẹ́ jù, ti ọ̀rúndún kẹfà àti ìkeje, fẹ́ràn láti so àwọn lẹ́tà orúkọ pọ̀ di àmì kan. Èyí tó kọ́kọ́ wà ní igun mẹ́rin. Láti àárín ọ̀rúndún kẹfà ni èyí tó rí bí àgbélébùú ti gbilẹ̀. Ní ọ̀rúndún kẹjọ àti ìkẹsàn-án, àdúrà ni wọ́n ń so di àgbélébùú, «Olúwa, ràn án lọ́wọ́» tàbí «Ìyá Ọlọ́run, ràn án lọ́wọ́», tí ΤΩ CΩ ΔΟΥ ΛΩ, ìyẹn «ìránṣẹ́ rẹ», wà ní àlàfo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Láàárín 730 sí 787, àti láti 815 sí 843, ìjọba fòfin de àwòrán mímọ́. Lẹ́yìn 843, Màríà àti àwọn ẹni mímọ́ padà sára òjé díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì kún un ní ọ̀rúndún kọkànlá. Àmọ́ àgbélébùú aládùúrà náà kò parẹ́ lọ́jọ́ kan, ó ṣì wà fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn 843, nítorí náà àìsí àwòrán nìkan kò tó láti fi so ọdún mọ́ èdìdì. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ lẹ́tà pẹ̀lú, ẹ wo oyè. Ní ọ̀rúndún kọkànlá àti ìkejìlá, àwọn mìíràn kọ ewì sí i, ìlà oní-sílébù 12, tó máa ń ṣòro torí pé ewì lè pe bíṣọ́ọ̀bù ní olùṣọ́ àgùntàn dípò oyè gan-an. Lẹ́yìn 1204, tí àwọn ọmọ ogun ìwọ̀-oòrùn gba Constantinople, òjé dín kù gan-an.

Ẹ jẹ́ ká ka ọ̀kan. Àpẹẹrẹ tí mo tò fúnra mi ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń rí nìyí. Lójú kìíní, Áńdérù Mímọ́ pẹ̀lú irùngbọ̀n àti irun tó dúró wúruwùru. Lójú kejì, àgbélébùú kékeré lókè, lẹ́yìn náà ΚΕΒΘ, ΤΩCΩΔΟΥ, ΛΩΙΩΜΗΤ, ΡΟΠΟΛΙΤΗ, ΠΑΤΡΩΝ. Kò sí àlàfo láàárín ọ̀rọ̀, ìlà sì ń gé ọ̀rọ̀ sí méjì bó ṣe wù ú. Ẹ kọ́kọ́ da gbogbo rẹ̀ kọ bó ṣe wà, ìlà lórí ìlà, kí ẹ tó tú ohunkóhun. ΚΕ ΒΘ ni ìkékúrú «Olúwa, ràn lọ́wọ́». ΤΩ CΩ ΔΟΥΛΩ ni «ìránṣẹ́ rẹ», C sì ni Σ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nígbà náà. ΙΩ ni Ioannes. Ìyókù ni mẹtiropólítì ìlú Patras ní ilẹ̀ Gíríìsì, ìyẹn bíṣọ́ọ̀bù àgbà tó ní bíṣọ́ọ̀bù mìíràn lábẹ́ rẹ̀.

Ká wá sọ pé òjé kéré tí etí sì ti lọ: ΩCΩΔΟ, ΩΙΩΜΗ, ΟΠΟΛΙΤ, ΑΤΡΩ. Ẹ ka iye lẹ́tà tí àyè gbà. Ìlà tó wà láàárín gùn ju ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ lọ, torí róbótó ni ojú ẹ̀mú. Lẹ́tà kan ló sọnù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe mẹ́ta, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ki orúkọ ìlú gígùn bọ ìlà ìkẹyìn ti ṣe àṣejù. Áńdérù ojú kìíní sì ṣètìlẹ́yìn, torí òun ni alábòò Patras. Bẹ́ẹ̀ náà ni Démétíríọ́sì rí fún Tẹsalóníkà, Jòhánù Ajíhìnrere fún Éfésù, Títù fún Kírétè. Ọdún náà ní ẹ̀rí: ìgbà ìjọba Nikephoros Kìíní, 802 sí 811, ni wọ́n gbé Patras ga di àga mẹtiropólítì. Èdìdì tó bá pe ẹni tó ni ín ní mẹtiropólítì Patras kò lè ṣáájú rẹ̀. Ẹ má ṣe gbára lé ẹni mímọ́ nìkan ṣá. Màríà ló pọ̀ jù lára èdìdì àwọn bíṣọ́ọ̀bù, kò sì tọ́ka sí ìlú kankan, àwọn mìíràn sì yan ẹni mímọ́ tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ìlú tó jẹ́ orúkọ kan náà ló ń dá àwọn ọ̀mọ̀wé lágara jù. Laodikeia wà ní Fíríjíà, òmíràn wà ní Síríà. Hadrianoupolis wà ní Tíráàsì, tó jẹ́ Edirne lónìí, òmíràn wà ní Honorias ní ìhà àríwá Éṣíà Kékeré. Ẹni tó fín ẹ̀mú kò kọ agbègbè síbẹ̀ torí ẹni tí wọ́n ń kọ̀wé sí mọ ibi tí ìwé ti wá. Oyè ló ń yà wọ́n: ti Tíráàsì jẹ́ mẹtiropólítì, ti Honorias jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù lábẹ́ mẹtiropólítì ìlú Klaudioupolis. Ìwé ìtò àwọn àga bíṣọ́ọ̀bù, tí ìjọ ń tún ṣe láti ìgbà dé ìgbà, ni ẹ ó fi wádìí èyí, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó fọwọ́ sí ìwé ìgbìmọ̀ ńlá bíi ti Nicaea ní 787 àti ti Constantinople ní 879 sí 880. Ẹ ṣọ́ra fún oyè proedros. Ní ọ̀rúndún kọkànlá, bíṣọ́ọ̀bù àti mẹtiropólítì ń lò ó, ṣùgbọ́n oyè ààfin tí ọba Nikephoros Fókásì dá sílẹ̀ ní 963 náà ni. Bí orúkọ ìlú bá tẹ̀ lé e, ti ìjọ ni ẹ kọ́kọ́ rò.

Ó ku ọwọ́ ilẹ̀. Òjé tó ti pẹ́ nínú ilẹ̀ ní èèpo eérú tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú tó dì mọ́ ọn, èèpo yìí gan-an ló sì di lẹ́tà mú. Ẹ má ha á. Ohun tó ń pa òjé ni ìyẹ̀fun funfun tó ń hù jáde lára rẹ̀, tí èèyàn bá fọwọ́ kàn án, á bọ́. Èéfín kíkan tó ń jáde láti ara pátákó, páálí àti gúlù ló ń fà á, ọ̀rinrin sì ń mú un yára, bó ṣe máa ń rí létí ọ̀sà. Ìdílé tó bá tọ́jú òjé bàbá wọn sínú àpótí onípátákó lè rí i kó funfun bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀. Kí wọ́n gbé e kúrò nínú pátákó, kí wọ́n fi í sínú ike polyethylene tí kò ní òórùn, níbi gbígbẹ. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí a fi ń fọ idẹ kò dára fún un rárá, torí kíkan rẹ̀ ń jẹ òjé. Omi òjò kò dára fún un pẹ̀lú, torí omi tí kò ní iyọ̀ kankan nínú a máa yọ́ òjé díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ kan òjé kó fọ ọwọ́ kó tó jẹun, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré. Olùkọ́ tó bá fẹ́ fi bí ẹ̀mú ṣe ń ṣiṣẹ́ han àwọn ọmọ kíláàsì kó lo amọ̀. Kó má yọ́ òjé bátìrì, èéfín rẹ̀ ń ba ọpọlọ jẹ́.

Ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Àwọn tó ń ṣe é sábà ń dà á, wọn kì í tẹ̀ ẹ́, ẹ ó sì rí ihò kéékèèké tí afẹ́fẹ́ fà lójú rẹ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́bàá etí níbi tí ààbọ̀ méjì ti pàdé, àti lẹ́tà tí etí rẹ̀ kò mú. Ihò okùn rẹ̀ lè ti dí, tàbí kó jẹ́ pé irin abúhò ni wọ́n fi lu ú, tí ògiri inú rẹ̀ fi mọ́lẹ̀ rekete. Èyí tó dùn mí jù ni àwọn ojúlówó tí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wá irin nínú ilẹ̀ ń jí wú, tí wọ́n tà láìsọ ibi tí wọ́n ti rí i. Orúkọ bíṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára rẹ̀, àmọ́ a kò lè mọ ìlú tí lẹ́tà rẹ̀ dé mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó lọ sí àkójọ Dumbarton Oaks, kó wá àwọn èdìdì tí nọ́mbà wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú BZS, kó sì yan mẹtiropólítì ọ̀rúndún kọkànlá kan tí ìlú rẹ̀ ti hàn kedere. Kó bo ìtumọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀, kó da lẹ́tà tó rí kọ, kó fi àkámọ́ igun bíi [ ] yí gbogbo lẹ́tà tó fi òye kún ká, kó tó ṣí ìtumọ̀ wò. Kó wo fọ́tò náà ní ibi ìmọ́lẹ̀ méjì bó bá wà, torí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan lè fi Λ hàn kó sì fi ìlà àárín Α pa mọ́. Kó kọ ìwọ̀n, ọ̀nà ihò, iye ìlà àti ibi tí òjé ti sán pọ̀ mọ́ ọn.